Ẹgbẹ́ Kan Ṣoṣo àti Òfin Ìgbéyàwó ní Ilẹ̀ Kúbà

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ jókòó yí asọ̀rọ̀mágbèsì ká, ẹ ṣí ìwé àwòrán ilẹ̀ yín sí ibi tí Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ kan ara wọn. Nínú òkun tí ó wà níbẹ̀ ẹ óò rí erékùṣù kan tí ó gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kúbà nìyẹn. Ilẹ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa ni a kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké níbẹ̀. Lùkúmí ni a ń pè wọ́n. Títí di òní, àwọn kan ń bọ Ṣàngó àti Yemọja ní Havana àti ní Matanzas, wọ́n sì ń kọ orin tí àgbàlagbà ilẹ̀ wa bá fetí sí i dáadáa, yóò mọ̀ pé ará ilé ni ó ń kọ ọ́. N óò tún fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ àwọn Lùkúmí yìí níwájú, nítorí ó wọ inú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni èyí. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe ìjọba ní Kúbà, òfin kò sì gba ẹgbẹ́ mìíràn láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1965 ìjọba yìí kó àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin lọ sí àgọ́ iṣẹ́ àfipáṣe. Ní ọdún 2022 ìjọba kan náà ń rọ àwọn ará ìlú kí wọ́n dìbò láti gba irú wọn láàyè láti ṣe ìgbéyàwó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni ó wà láàrin méjèèjì. Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ pa asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀ báyìí. Òfin tí a fọwọ́ sí ní orílẹ̀-èdè tiwa ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ilé ìjọsìn wa kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lálẹ́ òní. Ìtàn ni mo wá sọ, àwọn tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ sí sì jẹ́ ọmọ ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dé òpin.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1959, olórí ìjọba tí ó wà lórí oyè ní Kúbà sá lọ, Fidel Castro àti àwọn jagunjagun rẹ̀ sì gba ilẹ̀ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní ọ̀nà kan tí olùkọ́ bíi tèmi kò lè fojú kéré. Ní ọdún 1961 wọ́n rán nǹkan bí 100,000 ọ̀dọ́ lọ sí oko àti orí òkè pẹ̀lú àtùpà àti ìwé. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiyín. Kí ọdún náà tó parí, àgbà tí ó lé ní 700,000 ti mọ̀wé kọ, wọ́n ti mọ̀wé kà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń di ọwọ́ bàbá arúgbó mú kí ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀! Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, inú wa ì bá dùn.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1961 yẹn kan náà, àwọn ọlọ́pàá jáde ní òru ní Havana, wọ́n ń kó àwọn aṣẹ́wó, àwọn tí ń fi aṣẹ́wó ṣòwò, àti àwọn ọkùnrin tí a ń fura sí pé ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń fẹ́. Virgilio Piñera, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí òkìkí rẹ̀ kàn, wà lára àwọn tí wọ́n mú ní ìgbà yẹn. Kò jalè, kò sì pa ènìyàn.

Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé Kúbà ń mọ ènìyàn titun. Ernesto Guevara, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Che, kọ̀wé lórí ènìyàn titun yìí ní ọdún 1965. Ènìyàn tí kò ní mọ tara rẹ̀ nìkan ni ó ní lọ́kàn, ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìlú. Èrò náà dára létí. Àmọ́ nígbà tí ó dé ọwọ́ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ àti àwọn ológun, ènìyàn titun di ọkùnrin kan báyìí: apá rẹ̀ le, ó wọ aṣọ ológun, ó mú àdá lọ sí oko ìrèké, kò gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run kankan, ó sì fẹ́ obìnrin. Ẹni tí kò bá bá àwòrán yìí mu, wọ́n ní ìdọ̀tí ayé àtijọ́ ni ó ṣẹ́kù sí i lára. Ohun tí a sì ń ṣe sí ìdọ̀tí, gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1965 ni àwọn àgọ́ náà bẹ̀rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Camagüey. UMAP ni orúkọ wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ ológun tí ń ran iṣẹ́ oko àti ti ilé iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wo bí orúkọ náà ti mọ́ tó! Ìwé ìpè sí iṣẹ́ ológun ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin. Yóò di ẹrù rẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sìn ín dé ibi ọkọ̀, yóò rò pé òun ń lọ kọ́ bí a ti ń yìnbọn. Ibi tí wọn yóò gbé e dé ni oko, tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká. Àdá ni wọn yóò fún un, kì í ṣe ìbọn. Iṣẹ́ ìrèké ni, irú iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹrú Lùkúmí ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí tí yóò fi ṣú.

Àwọn wo ni wọ́n kó lọ? Ibi tí ó ti yẹ kí gbogbo wa ṣọ́ra ni èyí. Àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, àti àwọn tí a kàn fura sí nítorí irun orí wọn tàbí ìrìn ẹsẹ̀ wọn. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí wọ́n kọ̀ láti gbé ìbọn. Àwọn ọmọ ìjọ Adventist wà níbẹ̀ nítorí wọn kò jẹ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀dọ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tí ń jẹ́ Jaime Ortega wà níbẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Havana, ó sì di kádínà ní ọdún 1994. Pablo Milanés wà níbẹ̀, olórin tí ìjọba fúnra rẹ̀ wá ń fi yangàn nígbà tí ó yá. Àwọn tí wọ́n ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà fojú díwọ̀n pé àwọn tí wọ́n kó lọ lé ní 30,000. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún ọ pé irú ènìyàn báyìí nìkan ni àgọ́ wà fún, àlùfáà rẹ lè wà ní ìlà kejì. A ti àwọn àgọ́ náà pa ní ọdún 1968. A kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ẹjọ́ kí a tó kó o lọ, ẹjọ́ tí a lè dá a sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì sí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èyí tí ó dùn mí jù ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1971, wọ́n pe ìpàdé ńlá lórí ẹ̀kọ́ àti àṣà ní Havana. Àwọn olùkọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé ẹni tí ó bá ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́, kò sì gbọdọ̀ ṣojú Kúbà lórí ìtàgé ní ilẹ̀ òkèèrè. Olùkọ́ ni mí. Mo mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé kí ènìyàn dúró níwájú pátákó dúdú fún ogún ọdún, kí wọ́n sì wá pè é sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ kan kí wọ́n ní kò kún ojú òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n gan-an ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, ẹni tí kò bá kún un, kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Àwọn òṣèré orí ìtàgé di ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀, olùkọ́ di òṣìṣẹ́ oko.

Ní ọdún 1975 ni òfin ìdílé titun jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta. Òfin náà sọ pé ìgbéyàwó jẹ́ àdéhùn tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan fi ìfẹ́ ara wọn ṣe. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1976 tún un sọ. (Ẹ̀yin ọkọ ilé, ẹ gbọ́ o: òfin ọdún 1975 yìí kan náà ni ó pàṣẹ pé ọkọ àti aya ni yóò jọ máa ṣe iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ọmọ. Bóyá wọ́n tẹ̀ lé e tàbí wọn kò tẹ̀ lé e, ẹ lè bi àwọn obìnrin Kúbà.) Òfin ọ̀daràn titun ti ọdún 1979 yọ ìwà náà kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, bí ó bá jẹ́ láàrin àgbà méjì ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìjìyà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi í hàn ní gbangba.

Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣí èbúté Mariel. Láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ọdún 1980, nǹkan bí 125,000 ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ìjọba ní pàǹtírí ni wọ́n, kí wọ́n máa lọ. Bí ọkùnrin bá sì wí fún ọlọ́pàá pé ọkùnrin ẹgbẹ́ òun ni òun ń fẹ́, ìwé àṣẹ ìrìnnà yóò tètè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ wo àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní ìyàwó, tí wọ́n bí ọmọ, tí wọ́n ń yí ìrìn wọn padà níwájú tábìlì ọlọ́pàá kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n! Ohun tí a ti ń fi pamọ́ fún ogún ọdún ni ó wá di ìwé ìrìnnà.

Kí ni ó wá yí ọkàn ẹgbẹ́ padà? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn Lùkúmí ti wọlé. Fún ọgbọ̀n ọdún, ẹni tí ó bá ń bọ òrìṣà tàbí tí ó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò lè di ọmọ Ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò lè dé ipò ńlá. Ṣùgbọ́n ìjọba Rọ́ṣíà àtijọ́, tí ó ń ra ṣúgà Kúbà tí ó sì ń fún un ní epo, túká ní ọdún 1991. Ebi dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ẹgbẹ́ pinnu ní ìpàdé àgbà rẹ̀ pé onígbàgbọ́ lè wọlé. Ní ọdún 1992 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àìgbọlọ́rungbọ́ kúrò nínú òfin-ìpìlẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ti ń fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù wá di ohun tí a ń fi sí ọrùn ní gbangba. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ rí i pé agbo òun ti kéré jù, àti pé ẹni tí a lé jáde kò ní bá ni gbé ẹrù nígbà tí ẹrù bá wúwo. Ìlẹ̀kùn tí ó ṣí fún àwọn olórìṣà ṣí díẹ̀ fún àwọn mìíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 1993, iléeṣẹ́ sinimá ìjọba gbé sinimá kan jáde lórí ọ̀rẹ́ tí ó wà láàrin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kan àti ọkùnrin kan tí ń fẹ́ ọkùnrin. *Fresa y chocolate* ni orúkọ rẹ̀, èrò sì pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé sinimá.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ ilé kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mariela Castro, tí bàbá rẹ̀ Raúl di ààrẹ ní ọdún 2008, ni ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀. Ó ń jà fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí nínú ẹgbẹ́ àti ní ilé aṣòfin. Mo yin obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní Camagüey bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ta ni ìbá gbọ́ ọ?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Fidel Castro, tí ó ti di arúgbó tí ó sì ti fi ipò sílẹ̀, sọ fún ìwé ìròyìn *La Jornada* ti ilẹ̀ Mẹ́síkò pé ìrẹ́jẹ ńlá ni wọ́n ṣe, àti pé bí a bá ń wá ẹni tí ó ni ẹ̀bi rẹ̀, òun ni. Ó ní ogun àti ọ̀tá ni ó gba gbogbo ọkàn òun nígbà náà. Ó dára kí àgbà jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ni ó bá sọ ọ́, kì í ṣe àwọn tí wọ́n gé ìrèké.

Ní ọdún 2018, wọ́n ń tún òfin-ìpìlẹ̀ kọ. Ẹsẹ 68 nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde sọ pé ìgbéyàwó jẹ́ láàrin ènìyàn méjì, kò dárúkọ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ààrẹ titun, Miguel Díaz-Canel, ní òun fara mọ́ ọn. Láti oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá wọ́n ń ṣe ìpàdé ní àdúgbò àti ní ibi iṣẹ́, kò sì sí ẹsẹ tí àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ sí tó ẹsẹ yìí. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti Assemblies of God dìde, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri, wọ́n ní bí Ọlọ́run ti dá ìdílé ni kí ó wà. Ní oṣù kejìlá, ilé aṣòfin yọ ẹsẹ náà kúrò. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 2019 pé a óò ṣe òfin ìdílé titun, a ó sì gbé e síwájú gbogbo ìlú kí wọ́n dìbò lé e.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, iléeṣẹ́ Mariela Castro fagi lé ìwọ́de ọdọọdún tí ó máa ń ṣe. Àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún wá jáde fúnra wọn ní Havana ní ọjọ́ 11 oṣù náà, láìsí àṣẹ, pẹ̀lú àsíá wọn. Wọ́n rìn láti Parque Central gba òpópónà Prado, wọ́n ń lọ sí etí òkun. Àwọn ọlọ́pàá dí ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n sì mú àwọn kan. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí nínú ìwé yín, nítorí òun ni mo kà sí kókó ìtàn náà. Ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń béèrè kò ta ko ohun tí ààrẹ ní òun fara mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọn kò dúró kí a tó pè wọ́n. Ẹgbẹ́ ni ó mú iṣu, òun náà ni ó mú ọ̀bẹ. Ó fẹ́ kí a dúpẹ́ nígbà tí ó bá bù fún ni, kì í ṣe kí a na ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ọdún 2022. Òfin ìdílé titun náà ní ẹsẹ tí ó lé ní 400. Ìgbéyàwó nìkan kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ ìgbàtọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ àwọn òbí àgbà láti rí ọmọ-ọmọ wọn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara àti ti àwọn arúgbó náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin wọ́n ṣe ìpàdé tí ó lé ní 79,000 káàkiri. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ìwé ìròyìn, gbogbo wọn tí wọ́n jẹ́ ti ìjọba, ń wí pé kí a dìbò Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n fẹ́ dìbò Bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní iléeṣẹ́ rédíò. Orí àga ìwàásù àti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń sọ tiwọn. Ní oṣù kẹsàn-án àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà kọ̀wé láti fi hàn pé àwọn kò fara mọ́ apá kan nínú òfin náà.

Ìṣòro tí ó bá àwọn kan lára àwọn tí òfin náà kàn kò kéré. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti jáde sí ìgboro káàkiri Kúbà nítorí ebi, àìsàn àti àìní òmìnira, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sì wà lẹ́wọ̀n. Bí wọ́n bá dìbò Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba yóò máa fi ìbò wọn yangàn níwájú ayé. Bí wọ́n bá dìbò Bẹ́ẹ̀ kọ́, ara wọn ni wọ́n fi ọ̀bẹ gún. Àwọn mìíràn sọ pé kò tilẹ̀ tọ́ kí a máa ka orí láti mọ̀ bóyá kí ènìyàn díẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tí gbogbo ènìyàn ní, èmi náà sì rí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 kan náà ni ilé aṣòfin ṣe òfin ọ̀daràn titun, tí ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún àwọn tí ń ta ko ìjọba. Ìyẹn, wọn kò gbé e síwájú ará ìlú fún ìbò kankan.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 wọ́n dìbò. Nǹkan bí 74 nínú 100 àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ ìbò ni ó jáde. Nínú ìbò tí a kà, nǹkan bí 67 nínú 100 jẹ́ Bẹ́ẹ̀ ni, 33 jẹ́ Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò mọ Kúbà lè rò pé èyí kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1976, ó lé ní 97 nínú 100 tí ó gba òfin-ìpìlẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni ó kọ ohun tí ẹgbẹ́ ní kí wọ́n gbà ní ọdún 2022: àwọn kan nítorí ẹ̀sìn wọn, àwọn kan nítorí ìbínú sí ìjọba, ìwé ìbò kò sì ní ibi tí a ti lè kọ ìdí rẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjì líle tí wọ́n ń pè ní Ian já lu ìwọ̀-oòrùn Kúbà, ó ṣí òrùlé ní Pinar del Río, ilẹ̀ sì ṣú kí iná mànàmáná tó lọ ní gbogbo erékùṣù náà. Nígbà tí iná padà, àwọn tọkùnrin-tọkùnrin àti tobìnrin-tobìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nínú àgọ́ Camagüey ní ọdún 1965 ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nígbà náà. Òfin gbà á láàyè láti ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹni tí ó bá wù ú. Kò gbà á láàyè láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀.